Ẹ̀yin àtọmọ yín fẹ́ lọ kọ́ síkì fún ìgbà àkọ́kọ́? Bẹ́ ẹ ṣe máa yan rísọ́ọ̀tì nìyí

Tẹ́ ẹ bá ṣí wẹ́bùsáìtì rísọ́ọ̀tì síkì èyíkéyìí (ìyẹn ibi ìgbafẹ́ lórí òkè táwọn èèyàn ti ń de pákó gígùn mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín), ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi yangàn fún yín ni bí òkè wọn ṣe ga tó àti iye kìlómítà ojú ọ̀nà síkì tí wọ́n ní. Les Trois Vallées ní ilẹ̀ Faransé, kìlómítà 600 ni wọ́n ń pariwo. Ó dáa, wọ́n kú iṣẹ́ o, àmọ́ àgbàlagbà tí kò wọ bàtà síkì rí láyé ẹ̀ àti ọmọ ọdún mẹ́rin tó mú dání, gbogbo ibi tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, èèyàn lè dúró sójú kan kó sì rí i tán. Torí ẹ̀, ẹ gbàgbé 600 yẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni ìrìn tó wà láàárín ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yín àti pápá táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti ń kọ́, kẹ́ ẹ sì wo bí pápá yẹn fúnra ẹ̀ ṣe rí. Tí ibi méjì yìí bá dáa, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yàn tán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ẹni tó ń lọ

Ọjọ́ orí ọmọ ló máa pinnu èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ tí kò tíì pé 3, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú, ilé ìtọ́jú ọmọ lẹ máa wá fún un, á máa fi yìnyín ṣeré níbẹ̀, ẹ̀yin á sì lọ kọ́ tiyín. Láti ọdún 3 lọ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ síkì ti ń gbọmọ. Ní Faransé, ESF, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ síkì tó wà káàkiri àwọn òkè ibẹ̀, ní ọgbà kan fáwọn ọmọdé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Piou-Piou. Wọ́n máa ń fi ọgbà yí i ká, wọ́n á to àwọn nǹkan aláràbarà sínú ẹ̀ káwọn ọmọ lè máa yọ̀ gba àárín ẹ̀ kọjá. Ní Switzerland, ehoro funfun kan tó ń jẹ́ Snowli ni wọ́n fi ń fa ojú àwọn ọmọ mọ́ra. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ọmọ tó ṣì ń wọ pampers o, torí ọ̀pọ̀ ló máa ní rárá.

Ẹ̀yin àgbà náà ńkọ́? Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú dé. Òbí tó ti mọ síkì tẹ́lẹ̀ lè máa fẹ̀yìn yọ̀ wálẹ̀ níwájú ọmọ ẹ̀, kó máa pè é pé ó yá, máa bọ̀, tó bá ṣubú kó gbé e dìde. Ẹ̀yin ò lè ṣe ìyẹn. Lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ara yín gan-an lẹ ò ní lè dá dúró, ká má tíì sọ ti ọmọ. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ tán láàárọ̀ kẹ́ ẹ wá kọ́ ọmọ lọ́sàn-án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ nílò tíṣà, ẹ sì nílò ẹ̀ lásìkò kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ló máa já ọ̀pọ̀ rísọ́ọ̀tì tó gbajúmọ̀ dànù nínú lísìtì yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ pápá àkọ́bẹ̀rẹ̀ wò fínnífínní

Ẹ wa máàpù rísọ́ọ̀tì yẹn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló ń gbé e síbẹ̀. Ẹ má wo orí òkè, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, níbi tí ilé pọ̀ sí. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ń wá ni kápẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn gòkè, ó dà bíi bẹ́líìtì tó ń gbé báàgì ní ẹ́ápọ́ọ̀tù, ẹ máa dúró lé e lórí tàwọn síkì yín, á sì máa rọra gbé yín lọ. Kò le rárá, ọmọ ọdún mẹ́ta ń gùn ún. Tẹ́ ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta níbì kan náà, tí ọ̀kan kúrú tí èkejì gùn, inú yín dùn nìyẹn, torí ẹ lè kúrò lórí kékeré bọ́ sórí ńlá láìjáde kúrò níbẹ̀.

Irú lífítì tó kù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, ẹ mọ̀ wọ́n kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ máa sá fún. Èyí tó ní ọ̀pá pẹ̀lú àwo rìbìtì tẹ́ ẹ máa ki sáàárín itan, tó máa wá fà yín lọ nílẹ̀, ó máa ń ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kí wọ́n sá lọ sílé. Èèyàn máa fẹ́ jókòó lé e, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣe é fún jíjókòó, ẹ máa ṣubú, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa wò yín. Èyí tó rí bíi T tí èèyàn méjì jọ máa ń lò tún burú jù bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan bá ga tí èkejì bá kúrú, ìyẹn ẹ̀yin àtọmọ yín gan-an nìyẹn. Gọ̀ńdólà, ìyẹn yàrá kékeré tó ń fò lójú wáyà, ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn, ẹ máa bọ́ síkì lẹ́sẹ̀, ẹ wọlé, ẹ jókòó, ó parí.

Àga tó ń fò lójú wáyà ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Austria àti Switzerland, ọmọ tí kò tíì ga tó mítà 1.25 ò gbọ́dọ̀ dá gun àga yẹn, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ẹ wá rò ó wò, àga yẹn ò dúró o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ síkì láàná lẹ máa ṣọ́ ọ títí tó fi máa kàn yín lẹ́yìn orúnkún, ẹ máa gbé ọmọ lé e, ẹ máa fa irin ààbò wálẹ̀, tẹ́ ẹ bá dókè ẹ máa ṣí irin yẹn lásìkò, ẹ máa rí i pé ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin náà á wá yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà kí àga tó kàn tó dé. Ká sòótọ́, iṣẹ́ ọjọ́ kẹrin tàbí karùn-ún nìyẹn. Rísọ́ọ̀tì tó bá jẹ́ pé àga nìkan lèèyàn lè fi dé pápá àkọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ohun kejì tẹ́ ẹ máa wò lórí máàpù: ṣé ojú ọ̀nà pupa tàbí dúdú kankan, ìyẹn àwọ̀ tí wọ́n fi ń sàmì sí ojú ọ̀nà tó le, ò já sínú pápá yẹn? Ní ọ̀pọ̀ abúlé, pápá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà ni gbogbo ayé máa ń gbà kọjá lọ sílé níwọ̀n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa sáré bọ̀ láti òkè, ọmọ kékeré á sì wà láàárín wọn. Pápá tó dáa máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n fi ọgbà tàbí àwọ̀n yí ká. Ẹ tún wo kámẹ́rà rísọ́ọ̀tì náà, ọ̀pọ̀ wọn ló ní èyí tó ń ṣàfihàn lójoojúmọ́. Ẹ wò ó níwọ̀n aago mẹ́wàá àárọ̀ kẹ́ ẹ tún wò ó ní aago mẹ́rin, ẹ máa rí ohun tí ìwé ìpolówó ò ní sọ: bí èrò ṣe pọ̀ tó, ṣé oòrùn dé ibẹ̀, àbí òjìji òkè ló bò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Òjìji kì í ṣe nǹkan kékeré o. Àgbà lè fara dà á, àmọ́ ọmọ tó dúró sójú kan tó ń retí kí ó kàn án, láàárín ogún ìṣẹ́jú ọwọ́ ẹ̀ ti dì.

Àwọn tó ṣe é dáadáa wà. Les Gets ní Faransé, wọ́n ní pápá kan tó ń jẹ́ Chavannes lókè abúlé, gọ̀ńdólà ló ń gbé yín débẹ̀, gọ̀ńdólà náà ló sì máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín kí ẹ yọ̀ délé. Alpe d'Huez ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó pọ̀ lókè ilé ibẹ̀ gan-an, ojú ọ̀nà aláwọ̀ ewé wọn, ìyẹn èyí tó rọrùn jù, pọ̀ débi pé ẹni tó ń kọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó má sú u. Ní Amẹ́ríkà, Smugglers' Notch ní Vermont ya òkè kan sọ́tọ̀, Morse, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, Aspen náà sì ní Buttermilk. Serfaus ní Austria tiẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ jẹun ni, ọgbà àwọn ọmọdé wọn wà lórí òkè níbi tí gọ̀ńdólà ń gbé èèyàn dé.

Chamonix ní Faransé, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná. Orúkọ ńlá ni, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ rí, wọ́n sì ní pápá kéékèèké fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ nísàlẹ̀, àmọ́ òkè ibẹ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, bọ́ọ̀sì lẹ máa fi máa lọ láti ibì kan síbòmíì, ẹ ẹ́ gbé síkì méjì, ẹ ẹ́ gbé ọmọ. Bansko ní Bulgaria ò wọ́n, ó sì gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́, ṣùgbọ́n ìlú wà nísàlẹ̀, pápá wà lókè ní Banderishka Polyana, gọ̀ńdólà kan ló so wọ́n pọ̀, ìlà tó máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀sẹ̀ ìsinmi sì lókìkí burúkú. Tẹ́ ẹ bá máa lọ síbẹ̀, ẹ lọ lọ́sẹ̀ tí kò sí ìsinmi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọ̀ ò jọra káàkiri

Kúkúrú ni mo máa sọ èyí. Ní Faransé, àwọ̀ ewé ló rọrùn jù, lẹ́yìn náà búlúù, pupa, kí dúdú tó dé. Ní Austria àti Ítálì, láti orí búlúù ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ sọ pé ibẹ̀ ò ní ibi tó rọrùn o, wọn ò kàn fi àwọ̀ ewé pè é ni. Ìlànà Austria ni pé ìdagẹ̀rẹ̀ búlúù ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀ sí ibi kúkúrú díẹ̀, ìdá 25 yẹn sì ti tó láti dẹ́rù ba ẹni tó dúró lórí ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń lo òbìrìkìtì àwọ̀ ewé, ìgun mẹ́rin búlúù, àti dáyámọ́ńdì dúdú, kò sí pupa, torí ẹ̀ búlúù ti Colorado lè le bíi pupa ti Europe. Jàpáánù náà ní tiẹ̀, láti àwọ̀ ewé wọ́n bọ́ sí pupa, búlúù ò sí láàárín. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé "búlúù pọ̀ níbẹ̀", ẹ bi í léèrè pé orílẹ̀-èdè wo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: aago kíláàsì

Èmi ò mọ̀dí tí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà ò fi ń kọ èyí sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ síkì lè ní kíláàsì ọmọ láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, kó wá fi kíláàsì àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí aago méjì ọ̀sán sí márùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹ máa jókòó lásán láàárọ̀, ọ̀sán á wá dé, ẹ máa wọ kíláàsì, ọmọ ò sì ní ẹni tó máa mú un. Tó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ń mú ọmọ lọ, ìrìn àjò yẹn ti bà jẹ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, ẹ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ síkì pé: kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́rin àti kíláàsì àgbà tí kò ṣe é rí, aago mélòó ni kálukú bẹ̀rẹ̀, ibo ni wọ́n ti ń pàdé, báwo ni ibi méjèèjì ṣe jìnnà síra tó? Tí tọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ní 9:15 tí tiyín bẹ̀rẹ̀ ní 9:15 níbòmíì tó jìnnà, kò ṣeé ṣe. Ẹ nílò ó kéré tán ìdajì wákàtí láàárín, torí ọmọ lè bú sẹ́kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì lè ní òun fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wọ aṣọ mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ àti bàtà fún un tán.

Wákàtí méjì sí mẹ́ta láàárọ̀ tó fún ọmọ ọdún 3 sí 5. Ilé ẹ̀kọ́ máa fẹ́ ta odindi ọjọ́ fún yín, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ra ìdajì ọjọ́, àyàfi tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn bá ní yàrá gbígbóná tọ́mọ ti lè sùn. Fún àgbà, kíláàsì ẹgbẹ́ ti tó, kò pọn dandan kẹ́ ẹ gba tíṣà àdáni, tówó bá wà fún tíṣà àdáni ẹ gbà á fún wákàtí kan lọ́jọ́ kẹrin tàbí karùn-ún kó lè kọ́ ẹ̀yin àtọmọ pọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa jọ gun àga yẹn, owó tó bọ́ sójú ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún béèrè: ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ tíṣà kan? Tí wọ́n bá sọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ fáwọn tó kéré yìí, ó dáa. Tí wọ́n bá ní méjìlá, tíṣà yẹn á kàn máa gbé àwọn tó ṣubú dìde títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Ṣé tíṣà gbọ́ èdè tọ́mọ gbọ́? Ní rísọ́ọ̀tì ńláńlá ní Alps, ìyẹn àwọn òkè ńlá tó gba Faransé, Switzerland, Austria àti Ítálì kọjá, kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà, àmọ́ láwọn abúlé kéékèèké tó dákẹ́ tówó wọn sì rọ̀, wọ́n lè kó ọmọ yín sáàárín àwọn tó ń sọ Jámánì tàbí Faransé nìkan. Àgbà lè wo ẹsẹ̀ tíṣà kó fi kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò mọ ohun tẹ́ni tó wà níwájú ẹ̀ ń sọ, tí ò sì rí ìyá ẹ̀, ẹkún ló máa fi ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tẹ́ ẹ máa sùn

Ọ̀rọ̀ ìrìn tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ rèé. Bàtà síkì le gbagidi, kò tẹ̀, èèyàn ò lè rìn dáadáa nínú ẹ̀. Ẹ wá fi síkì tiyín lé èjìká, ẹ gbé tọmọ sábẹ́ apá, ẹ fi ọwọ́ tó kù di ọmọ mú, ojú ọ̀nà yọ̀, ọmọ ní òun ò rìn mọ́. Mítà 500 tí hòtẹ́ẹ̀lì pè ní "ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún", ogún ìṣẹ́jú ni, tó bá sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gòkè, ẹ fi kún un. Ẹ ṣí máàpù sátẹ́láìtì, ẹ fi ìka wọn ọ̀nà yẹn látẹnu géètì hòtẹ́ẹ̀lì dé ibi ìpàdé kíláàsì ọmọ, kì í ṣe dé ibi lífítì tó sún mọ́ wọn jù. Hòtẹ́ẹ̀lì tó kọ ọ́ síta pé ẹ lè fi síkì yọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn àwọn lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà pupa ló já síbẹ̀, kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?

Abúlé tí kò sí mọ́tò níbẹ̀ dáa fún ọmọ. Avoriaz ní Faransé ò gba mọ́tò, inú yìnyín nìkan ni gbogbo òpópónà ibẹ̀, ọgbà àwọn ọmọdé wọn sì wà láàárín abúlé. Saas-Fee ní Switzerland náà ò gba mọ́tò, pápá àkọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wà létí ilé, àmọ́ láàárín December sí January òkè gíga tó yí i ká máa ń dí oòrùn mọ́ ọn, torí náà March ni kẹ́ ẹ lọ. Serfaus tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, abúlé kékeré ni, síbẹ̀ wọ́n ní reluwé abẹ́ ilẹ̀ láti 1985, láti ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò ló ti ń gbé èèyàn dé ẹsẹ̀ gọ̀ńdólà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ àti síkì pọ̀ rí máa mọyì ẹ̀.

Tí ibi tó sún mọ́ bá wọ́n jù fún yín, ọ̀nà míì wà. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yáni ní síkì tó wà létí pápá, tó sì ń gba nǹkan tọ́jú mọ́jú. Ẹ ẹ́ máa fi bàtà lásán rìn dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ ẹ́ wọ tiwọn níbẹ̀, ẹ ẹ́ bọ́ ọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lé e, ó sì sàn ju yàrá olówó ńlá lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gíga òkè àti ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ

Ohun tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára ni pé pápá tiwọn ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ jù lọ, òun náà sì ni yìnyín ti máa ń kọ́kọ́ yọ́. Ẹ lè rí abúlé tí òkè ẹ̀ dé mítà 2,500 kó jẹ́ pé pápá tiyín wà ní 900, tó ti di ẹrẹ̀. Torí ẹ̀, gíga pápá lẹ máa béèrè, kì í ṣe gíga òkè. Ní Alps, tó bá wà ní nǹkan bíi mítà 1,500 sókè, tàbí tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín níbẹ̀, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Obergurgl ní Austria, abúlé fúnra ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 1,930, yìnyín kì í sábà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ jìnnà jù lókè náà. Val Thorens ní Faransé wà ní mítà 2,300, kò sí igi níbẹ̀ rárá, tí ìkùukùu bá bolẹ̀ gbogbo ibi á funfun pátápátá, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ dúró ni àbí ẹ ń yọ̀ lọ. Igi ló máa ń jẹ́ kójú rí nǹkan mú. Colorado tún ní tiẹ̀: ẹsẹ̀ òkè Breckenridge nìkan ti lé ní mítà 2,900, ẹni tó bá tibi tó rẹlẹ̀ débẹ̀ lójijì lè máa ní ẹ̀fọ́rí, kó máa bì, kó má rí oorun sùn, ọmọ kékeré ò sì lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, á kàn máa sunkún. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n pè yín sí, ẹ kọ́kọ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ní Denver, ìlú ńlá tó rẹlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa mu omi dáadáa.

Ní ti ìgbà, ọ̀sẹ̀ Kérésì àti ọdún tuntun wọ́n, ó sì kún. February lewu: ilẹ̀ Faransé pín ìsinmi iléèwé wọn sọ́nà mẹ́ta, kálukú ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì tẹ̀ léra wọn, gbogbo ẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀ February títí dé ìbẹ̀rẹ̀ March. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà ń sinmi láàárín oṣù yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra fún òpin ọ̀sẹ̀ Presidents' Day, tó bọ́ sí Monday kẹta nínú February. January lẹ́yìn ọdún tuntun ló dákẹ́ jù, owó wálẹ̀, àmọ́ òtútù ibẹ̀ mú ju ti gbogbo oṣù tó kù lọ. Tó bá jẹ́ àgbà nìkan, màá ní January. Tọ́mọ bá wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta March ni mo fara mọ́, ọjọ́ ti gùn, oòrùn ti ní agbára, ẹ sì lè jókòó síta. Norway ńkọ́? Trysil àti Geilo dáa gan-an fọ́mọ, òkè wọn ò le, reluwé láti Oslo sì ń dúró ní Geilo gangan, ṣùgbọ́n ní December ilẹ̀ máa ń tètè ṣú níbẹ̀, òtútù ibẹ̀ ò sì mọ ojú ẹnì kan. March náà ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀nà

Ẹ ka wákàtí láti ẹ́ápọ́ọ̀tù, kẹ́ ẹ sì ka kọ́nà. Alpe d'Huez tí mo yìn lókè yẹn, kọ́nà 21 ló wà lójú ọ̀nà tó gun un, wọ́n tiẹ̀ fi nọ́ńbà sí wọn lára, ọmọ tó máa ń bì nínú mọ́tò máa bì. Les Gets àti Morzine tó wà nítòsí ẹ̀ ò ju bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ láti Geneva tí ọ̀nà bá dáa. Ní Alps, ọjọ́ Saturday ni ọ̀pọ̀ ilé ń pààrọ̀ àlejò, gbogbo ayé á wà lójú ọ̀nà, ìrìn wákàtí méjì á di márùn-ún. Ilé tó bá gbà kẹ́ ẹ dé lọ́jọ́ Sunday, ẹ mú un.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: owó

Ibi tí wọ́n ti máa ń ja àwọn tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lólè nìyí, ó sì jẹ́ pé àwa la ń fọwọ́ ara wa fún wọn. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba gbogbo òkè. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní tíkẹ́ẹ̀tì kékeré fún lífítì àkọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan, láwọn ibì kan ní Faransé kápẹ́ẹ̀tì yẹn ò tiẹ̀ gbowó rárá. Ẹ ra ti kékeré fún ọjọ́ mẹ́ta, tí tíṣà bá ní ẹ ti lè gòkè, ẹ fi owó kún un nígbà náà. Ọmọ tí kò tíì pé 5 kì í sábà sanwó ní Faransé, àmọ́ wọ́n máa béèrè ìwé tó fi ọjọ́ orí ẹ̀ hàn, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Norway ẹ̀wẹ̀, ọmọ kékeré tó bá dé akoto á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ní àwọn òkè ńlá ti kọjá dọ́là 200 tẹ́ ẹ bá lọ rà á lójú fèrèsé, torí ẹ̀ ẹ wá èyí tí wọ́n di kíláàsì, síkì yíyá àti lífítì kékeré pọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí òkè kékeré tí kò lórúkọ. Síkì, ẹ yá a. Ẹ má rà á, ẹsẹ̀ ọmọ á ti dàgbà lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Ìnṣọ́ránsì, ẹ rí i pé ó kan síkì, ó sì kan kí wọ́n gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, torí ti ìrìn àjò lásán lè yọ ìyẹn kúrò. Ítálì tiẹ̀ ti sọ ìnṣọ́ránsì tó máa sanwó fún ẹni tẹ́ ẹ bá kọlù di dandan láti 2022, wọ́n sì ti sọ akoto di dandan fún tọmọdé tàgbà láti November 2025.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ dánwò kẹ́ ẹ tó náwó ńlá

Tí ilé yìnyín abẹ́ òrùlé bá wà nítòsí ibi tẹ́ ẹ wà, bíi Ski Dubai tó wà nínú mọ́ọ̀lù ńlá ní Dubai, tàbí ti Landgraaf ní Netherlands, ẹ mú ọmọ lọ síbẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Kì í ṣe torí kó lè mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn fẹ́ wò ó bóyá ó máa gbà kí wọ́n wọ bàtà líle yẹn fún un, kó fi akoto àti gíláàsì ojú sórí, kó sì dúró sínú òtútù láìké. Àwọn ọmọ kan á fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn míì á sọ ìbọ̀wọ́ dànù. Tó bá jẹ́ pé ó kọ̀, ẹ fi rísọ́ọ̀tì tó ní ibi ìwẹ̀, pápá ọkọ̀ orí yìnyín àti ilé ìtọ́jú ọmọ sókè nínú lísìtì yín, torí ẹ̀yin lẹ máa kọ́ síkì lọ́dún yìí, òun á máa ṣeré.

Tí lísìtì yín bá ti ku méjì, ẹ bá ilé ẹ̀kọ́ síkì méjèèjì sọ̀rọ̀, èyí tó bá dá yín lóhùn yékéyéké tó sì sọ aago àti ibi ìpàdé láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè kíláàsì, torí tàwọn ọmọdé ló máa ń tètè kún, ẹ gba yàrá tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má sùn kẹ́ ẹ tó lọ gba bàtà síkì, ẹ ní kọ́mọ fi rìn yí ká ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó bá ní ó ń dun òun ẹ pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀, torí láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn á ti jáde síta.